Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Òwò Àga àti Tábìlì Àlòkù fún Àwọn Tó Ń Sọ Wọ́n Di Àkọ̀tun

Ẹni tó ń ra àga àlòkù kó lè jókòó lé e, àti ẹni tó ń rà á kó lè tú u, kó fá a, kó kùn ún, kó sì tún un tà, oníbàárà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá ohun tó ti parí. Ẹni kejì ń wá ohun tí iṣẹ́ ṣì kù lára rẹ̀, tí egungun rẹ̀ sì le tó láti gba iṣẹ́ náà. Ẹni kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa tà fún. Alágbàtà lẹ máa jẹ́ láàárín àwọn tí àga àti tábìlì àtijọ́ ti sú àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń sọ wọ́n di àkọ̀tun. Oníṣẹ́ náà kò ráyè máa rìn kiri ilé onílé, nítorí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀yin lẹ máa rìn ín fún un, ìrìn náà gan-an ló sì máa sanwó fún yín.

Gbogbo ohun tí mo máa sọ, látorí ohun tó yẹ ní rírà títí dé ohun tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn, orí ìyàtọ̀ yìí ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó wá ọjà

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ra ọjà kún yàrá kí wọ́n tó máa wá ẹni tó máa rà á. Ẹ yí i padà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìdí iṣẹ́ wọn, nítorí irú wọn pọ̀, ohun tí wọ́n ń wá kò sì jọra.

Àwọn tó ń fi ọ̀dà kun ohun èlò ilé fẹ́ràn kọ́bọ́ọ̀dù, tábìlì àti àpótí onídúrọ́ọ̀ tí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Bí fánísì ara rẹ̀ bá ti họ, kò kàn wọ́n, wọ́n máa bò ó. Àwọn tó ń fi aṣọ bo àga ò tiẹ̀ wo aṣọ tó wà lára rẹ̀. Igi abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń wò. Káfíńtà mìíràn ò fẹ́ tábìlì bíi tábìlì rárá, pákó gidi tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fẹ́ tú lára rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fẹ́ ohun tó jẹ́ méjì-méjì tàbí odindi: àga mẹ́rin tó jọra, tábìlì kékeré méjì fún ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Àwọn tó sì ń fi iṣẹ́ náà najú ní òpin ọ̀sẹ̀ fẹ́ ohun kékeré tó lè wọ ẹ̀yìn mọ́tò wọn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n á rà lọ́wọ́ yín, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló máa ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n wá kẹ́yìn tí wọn ò rí. Ẹ béèrè iye tí wọ́n san fún èyí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni tó gbé e wá fún wọn, àti ohun tó bí wọn nínú jù nípa ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn. Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí wúlò ju ìwé ètò òwò gígùn lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú oríṣi ọjà kan tàbí méjì péré láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ sí alápòótí onídúrọ́ọ̀ tàbí alága oúnjẹ, kíá ni orúkọ rẹ̀ ń kàn. Ẹni tó ń ta ohun gbogbo, wọn kì í rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń wá ohun kan pàtó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ibi tí ọjà ti ń wá

Ilé tí wọ́n ń kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò ni orísun tó jinlẹ̀ jù: ẹni tó ń kó lọ sílé tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ìdílé tí àgbà wọn ti kú, onílé tí ayálégbé rẹ̀ fi ẹrù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì àti ilé ìwé tó ń pààrọ̀ ohun èlò wọn. Gbàǹjo wà níbẹ̀, ilé ìtajà àwọn àjọ aláàánú wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń fi ohun èlò wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò kéré. Ẹ má gbàgbé àwọn awakọ̀ tó ń bá ènìyàn kó ẹrù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ "ẹ bá mi gbé èyí jù nù."

Ní ti òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì, èmi fẹ́ràn wọn fún ohun kan: ọjà wọn jọra, ó sì pọ̀. Tábìlì ogún tí ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀ rárá jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ kan lè fi gba iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, torí púpọ̀ nínú ohun èlò òtẹ́ẹ̀lì ló jẹ́ èérún igi tí wọ́n lẹ ohun tó dán mọ́ lójú.

Àwọn tó ń pe ènìyàn wá kó ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ wo owó. Ìtura ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá dé ní àsìkò tó dá, tó kó rere àti búburú jọ lọ, tó sì gbá ilẹ̀ kó tó jáde, òun ni wọ́n máa júwe fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá mú kìkì èyí tó dára tí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn, wọn ò ní pè yín mọ́. Nítorí náà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa gbé èyí tí kò wúlò lọ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì fi ìnáwó rẹ̀ kún ìṣirò.

Ní ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, ẹ ṣe é ní sùúrù. Ẹ má na ọwọ́ sí àga tí ìyá wọn máa ń jókòó lé, kí ẹ máa sọ pé kò níye lórí. Ẹ fa gbogbo dúrọ́ọ̀ jáde ní ojú wọn, ẹ wo ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni fọ́tò, ìwé ilé, owó àti wúrà máa ń wà. Ohun tí ẹ bá rí tí kì í ṣe ara ohun tí wọ́n tà fún yín, tiwọn ni, bí ẹ tilẹ̀ ti gbé àpótí náà délé kí ẹ tó rí i.

Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó tà fún yín, ọjọ́, àti ohun tí ẹ rà, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ìwé pélébé yìí ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá sọ pé ẹrù òun tí wọ́n jí ló wà lọ́dọ̀ yín. Ààtàn ìlú náà ní òfin tirẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí wọ́n ti jù síbẹ̀ ti di ti ìjọba, ẹ nílò àṣẹ kí ẹ tó kó o.

Ìgbésẹ̀ 3: Àyẹ̀wò

Ibí ni èrè yín ti ń bẹ̀rẹ̀ tàbí ti ń ṣòfò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, okùn ìwọn, ìyọ̀kọ́ skúrù àti abẹ́rẹ́ ńlá kan dání. Ẹ dojú ohun náà délẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́, kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ojú ni ẹni tó ń tà á ti nù kó tó pè yín.

Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ẹ wo etí pákó. Bí ó bá jẹ́ igi gidi, ìlà ara igi tí ẹ rí lójú máa tẹ̀ síwájú gba etí, yóò sì yí àwọ̀ padà níbi tí wọ́n ti gé e. Bí ìlà náà bá dúró gbọn-in sí etí, tí ìlà mìíràn sì bẹ̀rẹ̀, awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Awọ igi kì í ṣe àbùkù. Lórí igi gidi, ó lè dára gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé iṣẹ́ ń lò lóde òní kì í sábà tó mílímítà 1, ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ fá a máa là á já lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà. Ti èérún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ àti ti MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀) yàtọ̀: bí omi bá ti wọ̀ wọ́n tí wọ́n wú, wọn kì í padà sípò mọ́, skúrù tó bá sì ti tú lára wọn kì í fẹ́ dúró mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀, àyàfi bí ó bá gbẹ ṣáká tí oníbàárà sì ti béèrè fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe so ó pọ̀? Ẹ di àga mú ní ẹ̀yìn, kí ẹ mì í. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde, kí ẹ wo igun rẹ̀. Eyín igi tó wọ inú ara wọn jẹ́ àmì iṣẹ́ tó lè gba àtúnṣe; ìṣó tàbí pín-ìn-nì lásán tọ́ka sí iṣẹ́ ìkánjú. Àga tó ń mì kò túmọ̀ sí àdánù o. Gọ́ọ̀mù tí àwọn àgbà káfíńtà lò, èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti egungun ẹran, máa ń rọ̀ bí omi gbígbóná tàbí ooru rẹ̀ bá kàn án, oníṣẹ́ lè tú oríkèé náà kí ó sì tún un lẹ̀ láìba igi jẹ́. Èyí tó máa ń bà á jẹ́ ni ìṣó tí ẹnì kan fi kan oríkèé náà pọ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mú mọ́. Ìṣó yẹn máa ń la igi. Bí mo bá rí àga méjì tó ń mì, tí ọ̀kan ní ìṣó lójú oríkèé tí èkejì kò ní, èkejì ni mo máa gbé.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gba "ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún" láìwo skúrù. Skúrù olórí àgbélébùú tí wọ́n ń pè ní Phillips kò tíì wọ ọjà ṣáájú àárín àwọn ọdún 1930. Bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi so ó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe àtúnṣe, ohun náà kò lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó èérún igi náà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló gbilẹ̀.

Kòkòrò ńkọ́? Èyí ló lè pa òwò yín run, nítorí kì í dúró lára ohun kan ṣoṣo. Ihò ṣóńṣó tó fẹ̀ tó mílímítà 1 sí 2 ni kòkòrò ajẹgi tó wọ́pọ̀ jù lọ máa ń jáde láti inú rẹ̀. Ihò nìkan kò sọ pé wọ́n ṣì wà láàyè, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti lọ láti ogójì ọdún. Lẹ́búlẹ́bú tuntun tó mọ́lẹ̀ lójú ló ń fi wọ́n hàn. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ ohun náà, ẹ gbá a pẹ́pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún padà wò ó. Ikán tó ń gbé inú igi gbígbẹ kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú ní tirẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí hóró èso wínníwínní tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ibi tó bá ń dún bí òfìfo. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń fi òtútù pa kòkòrò wọ̀nyí, bí ìwọ̀n -30°C fún ọjọ́ 3 tàbí -18°C fún ọ̀sẹ̀ 2, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í ní ohun èlò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má gbé èyí tí kòkòrò ṣì ń jẹ lọ́wọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ.

Ní ti àga onítìmùtìmù àti ibùsùn, ìdun ni kí ẹ wá. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ, abẹ́ tìmùtìmù, ihò skúrù: àmì dúdú ṣíṣẹ́ṣíṣẹ́ bí ẹni kán yíǹkì sí i, awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ẹyin funfun. Ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà "ilé náà ti ṣófo tipẹ́" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀dà àtijọ́ ló kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi eré mú u. Òjé wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀dà ayé àtijọ́. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ewu náà ga jù lọ nígbà tí wọ́n bá fá a ní gbígbẹ tí eruku rẹ̀ ń fò, iṣẹ́ tí oníbàárà yín fẹ́ lọ ṣe gan-an sì nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ òjé wò wà ní ọjà, kò ṣòro láti lò. Bí ẹ ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọ̀dà àtijọ́ ni, ẹ ò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún ni ibùsùn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 2011 nítorí àwọn ọmọ tó há sínú rẹ̀ tí wọ́n kú. Ẹ tú u, kí ẹ ta igi rẹ̀. Ẹ má tà á bí ibùsùn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣirò owó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti òpin, ní iye tí oníṣẹ́ máa ta ohun náà lẹ́yìn tó bá ti parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe iye yẹn ní 100, ká sì fi ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀dà, sáńpépà, aṣọ àti ọwọ́ ìfàlẹ̀kùn lè gba 20 nínú rẹ̀. Ìpolówó àti gbígbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á lè gba 10. Òógùn ojú àti èrè oníṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 45, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà máa sú u. Ohun tó kù ni 25, ìyẹn iye tí ó lè san fún yín.

Láti inú 25 yín, ọkọ̀ lè gba 5, ibi ìkẹ́rùsí 3, fífọ̀ àti títò 3, èyí tó máa bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ 2. Ó ku 12. Bí ẹ bá ra ohun náà ní 6, èrè yín jẹ́ 6. Bí ẹ bá rà á ní 12 torí pé ó wù yín, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ ṣe.

Ẹ tún wo ibi tí owó ti ń jò. Ẹni tó lọ gbé àga kan ṣoṣo ní ìkángun ìlú máa ná 5 yẹn ní ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ máa kó ibi mélòó kan tó wà lójú ọ̀nà kan náà pọ̀ sí ọjọ́ kan, kí ọkọ̀ má ṣe lọ tàbí bọ̀ ní òfìfo. Ẹ yá ọkọ̀ lò fún àwọn oṣù àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó dúró sílẹ̀ láìṣiṣẹ́ ń jẹ owó.

Ẹ má tìtorí pé ẹ rí ohun kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tà á lówó yẹpẹrẹ, ẹ má sì tìtorí pé oníṣẹ́ kan tà á lówó ńlá kí ẹ fi owó kún èyí tó kàn. Oníbàárà tó bá rí i pé èrè òun ń dín kù nítorí yín máa kọ́ ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ á máa gbà wá ọjà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi ìkẹ́rùsí

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gáréèjì tàbí yàrá kan tó gbẹ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ nílò jù ni kí òjò má jò sínú rẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ kọjá, kí oòrùn má sì máa ta sára ọjà. Ìwọ̀n ọ̀rinrin tó wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá igi lára mu. Bí ó bá lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ èébu á bò ó, bí ó bá lọ sílẹ̀ jù igi á là. Ẹ gbé ohun gbogbo kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín kí ẹ lè rí ẹ̀yìn. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀, tó jìnnà sí ìyókù, fún ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó wọ àárín àwọn tó kù láìkọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Àyè lowó. Ní 1859, Michael Thonet, oníṣẹ́ àga kan ní Vienna, gbé àga kan jáde tí wọ́n ń pè ní No. 14, igi mẹ́fà péré tí skúrù so pọ̀. Bí wọ́n bá tú u, àga 36 ń wọ inú àpótí tó jẹ́ mítà 1 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ó dé gbogbo ayé. Ẹ̀yin náà, ẹ tú ohun tí wọ́n fi skúrù so: ẹsẹ̀ tábìlì, orí ibùsùn, wọ́dúróòbù. Ẹ di skúrù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ so ó mọ́ ohun náà gan-an. Ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ẹ má tú u.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń lo epo linseed (epo hóró tí wọ́n fi ń pa igi lára) níbẹ̀, ẹ má ṣe ká àkísà tó rin jọ. Ó lè gbóná títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídèérí.

Ní ti gbígbé, ẹ kọ́kọ́ yọ dúrọ́ọ̀, ẹ di ilẹ̀kùn pa, ẹ fi aṣọ wé igun. Ẹ gbé tábìlì ní ara igi abẹ́ rẹ̀, ẹ má di orí rẹ̀ mú. Dígí àti orí tábìlì olókùúta gbọ́dọ̀ dúró lórí etí wọn nínú ọkọ̀, wọn kì í sùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí i, àti ibi tó yẹ kí ẹ dúró

Ẹ gbá eruku kúrò, ẹ fi aṣọ tí omi ọṣẹ díẹ̀ wà lára rẹ̀ nù ún, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ yọ ìṣó tó yọrí, ẹ yọ téèpù àtijọ́, ẹ mú kí dúrọ́ọ̀ lè wọlé kó sì jáde. Ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ má fá a. Ẹ má kùn ún. Ẹ má fi fánísì dídán pa á lára kí ó lè dára lójú fọ́tò, nítorí iṣẹ́ tí oníbàárà máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó bọ́ ọ kúrò. Ọwọ́ ìfàlẹ̀kùn idẹ tó ti dúdú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń wá dúdú yẹn gan-an. Kọ́kọ́rọ́, ìdè ilẹ̀kùn, bọ́tìnnì tó já, ohun gbogbo ni kí ẹ kó jọ.

Ìdánwò kékeré kan wà tó máa jẹ́ kí oníṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ fi òwú tó rin nínú spírítì nu ibi tó pamọ́. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀ tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, shellac (fánísì àtijọ́ tí wọ́n ń fi oje kòkòrò ṣe) ni wọ́n fi kùn ún. Bí spírítì kò bá ṣe é ní nǹkan kan ṣùgbọ́n tí tínà tí wọ́n fi ń po lákà mú un, lákà ni. Bí méjèèjì kò bá ràn án, fánísì líle ni. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó máa rà á. Bí igi náà bá pupa, bíi mahogany, ẹ rán an létí pé àwọ̀ igi náà lè là jáde lára ọ̀dà funfun bí kò bá kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ oní-shellac dí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ipò, fọ́tò àti ọ̀rọ̀

Ẹ pín ọjà yín sí ipò mẹ́ta, kí gbogbo oníbàárà sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ipò kìíní: egungun rẹ̀ le, kò sí ohun tó sọnù, ojú nìkan ló nílò iṣẹ́. Ipò kejì: oríkèé kan tàbí dúrọ́ọ̀ kan nílò àtúnṣe. Ipò kẹta: fún títú, fún igi àti ẹ̀yà ara nìkan. Ẹ má gbé ohun kan láti ipò kẹta sí ìkejì torí pé ọjà dùn lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ọ̀rọ̀ yín, tó wá bá ohun mìíràn, kò ní padà wá, á sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí mọ ara wọn.

Fọ́tò gbọ́dọ̀ fi iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, abẹ́, dúrọ́ọ̀ tó ṣí sílẹ̀, àti gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ hàn. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló dára jù. Ẹ má kó òdòdó àti aṣọ ọ̀ṣọ́ yí i ká, oníṣẹ́ ń wá igi. Ẹ kọ gíga, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìdánwò tí ẹ ti ṣe, àti ohun tí ẹ rí tó kù díẹ̀ káàtó. Kíkọ àbùkù sílẹ̀ ló ń jẹ́ kí ènìyàn rà láti orí fóònù láìwá wò ó, ibẹ̀ sì ni ọjà ti ń yá.

Ìgbésẹ̀ 8: Títà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ẹ bi léèrè ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi ọjà tuntun ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan náà, kí ó di ohun tí wọ́n ń retí. Àwọn tó ń rà déédéé kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé. Ẹ má dá ọjà dúró fún ẹnikẹ́ni láìgba owó ìdúró, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ìdúró náà máa parí.

Ẹ má ya méjì tó jọra. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn méjì máa ń yá tà ju ọ̀kan ṣoṣo lọ, àga mẹ́rin sì rọrùn láti tà ju mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá ní ọ̀kan tó dá wà, ẹ ní sùúrù díẹ̀ bóyá èkejì rẹ̀ á wá. Ohun tó wà ní ipò kẹta, ẹ tà á ní ẹyọ ẹyọ: ẹsẹ̀ gbígbẹ́, dúrọ́ọ̀, ilẹ̀kùn kékeré, ọwọ́ idẹ. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ mẹ́rin máa ń mówó wá ju tábìlì tó wà lórí wọn lọ.

Òfin, ní kúkúrú

Ẹ forúkọ òwò náà sílẹ̀, ẹ san owó orí, ẹ gba ìdójútòfò fún iná àti fún ẹni tó lè fara pa nínú ibi ìkẹ́rùsí yín. Ẹ béèrè òfin iná fún àga onífóòmù níbi tí ẹ wà: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti wà láti 1988 tó béèrè pé kí irú àga bẹ́ẹ̀ lè dènà iná dé ìwọ̀n kan kí oníṣòwò tó lè tà á. Bí ẹ bá ń ronú láti ta ọjà sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ mọ igi tí ẹ ń gbé. CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti igi tó ń tán lọ, ń ṣọ́ gbogbo igi Dalbergia, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí rosewood, láti 2017. Ti ilẹ̀ Brazil sì ti wà lábẹ́ ìdè tó le jù láti 1992, àlòkù rẹ̀ náà sì lè nílò ìwé àṣẹ.

Ọjà tó kọ̀ tí kò tà

Ẹ kọ ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan dé sára rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀, ẹ yí fọ́tò rẹ̀ padà, ẹ sì fi hàn fún irú oníbàárà mìíràn: àpótí tí akunlẹ́dà kò fẹ́ lè jẹ́ pákó tí káfíńtà ń wá. Lẹ́yìn oṣù kan sí i, ẹ dín owó rẹ̀, tàbí kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ ohun tó ń tà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú u. Ẹ kó irin rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ to pákó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gígùn wọn, ẹ fi ìyókù fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Kí ẹ sì kọ irú ohun náà sílẹ̀ nínú ìwé yín pẹ̀lú iye oṣù tí ó lò, nítorí ìgbà tí ẹnì kan bá tún pè yín pé òun ní irú rẹ̀, ìwé yẹn ló yẹ kó dáhùn iye tí ẹ máa san.